Gírámà Tí Igi Eléso Ń Tẹ̀ Lé

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní kíláàsì síńtáàsì mọ òfin yìí: GB → APOR APIṢ. A ó mú àmì kan, a ó fi àwọn mìíràn rọ́pò rẹ̀, títí igi gbólóhùn yóò fi pé. Irú òfin bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń hu igi eléso nínú kọ̀ǹpútà.

Ní 1968, Aristid Lindenmayer, onímọ̀ ohun abẹ̀mí tó jẹ́ ọmọ Họ́ńgárì, gbé irú òfin yìí jáde láti ṣàlàyé bí àwọn ohun ọ̀gbìn tín-ín-tìn-ìn-tín ṣe ń dàgbà. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: A → AB, B → A. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí A, ìlà kejì á jẹ́ AB, ìkẹta ABA, ìkẹrin ABAAB, ìkarùn-ún ABAABABA. Ẹ ka iye àmì wọn: 1, 2, 3, 5, 8. Òfin méjì péré ló bí gbogbo rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ti Chomsky o. Nínú gírámà Chomsky, àmì kan là ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ní ti Lindenmayer, gbogbo àmì ló ń yí padà pa pọ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kan kì í dúró de èkejì kó tó pín. Àkámọ́, tí àwa náà ń lò fún àpólà, ló wá ń fi ibi tí ẹ̀ka ti yà hàn.

Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan kò tó. Igi ń jẹun. L-PEACH, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn olùwádìí ní California àti Calgary ṣe fún igi píìṣì, fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ kún un. Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Èso, gbòǹgbò àti ọ̀mùnú sì ń du ú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ètò náà ń ṣírò ìṣàn oúnjẹ yìí bí ẹni ń ṣírò iná mànàmáná nínú wáyà. Ìdíje yìí ló fà á tí àgbẹ̀ píìṣì fi ń já lára èso kéékèèké dànù, kí ìyókù lè tóbi.

Ẹ̀ka tí a bá gé lónìí, ó lè gba ọdún mélòó kan kí àgbẹ̀ tó mọ̀ bóyá òun jèrè tàbí òun pàdánù. Nínú kọ̀ǹpútà, a lè gé e, ká wo àbájáde, ká sì tún un gé, láìpa igi kankan lára.

Wọ́n máa ń bi àwa tí a wà ní ọdún àṣekágbá pé kí la fẹ́ fi ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ṣe. Ìdáhùn tèmi rèé: ẹni tó mọ òfin kọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sórí gbólóhùn. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ìlà kẹfà. Bí àmì rẹ̀ bá pé 13, ẹ ti gbà á.