Kòkòrò Àìfojúrí Tó Ń Gbèjà Kíndìnrín

Bí a bá dárúkọ kòkòrò àìfojúrí, àìsàn ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ọ̀kan lónìí: Oxalobacter formigenes. Inú ìfun ńlá ló ń gbé, oúnjẹ kan ṣoṣo ló sì gbójú lé, ìyẹn oxalate.

Oxalate wà nínú tẹ̀tẹ̀, gbúre, ẹ̀pà àti tíì. Ara wa kò lè fọ́ ọ. Èyí tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù, á sì di òkúta. Irú òkúta yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú kíndìnrín, ìrora rẹ̀ kò sì ṣeé fẹnu sọ.

Inú àpòlúkù àgùntàn ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ ya kòkòrò yìí sọ́tọ̀ ní 1980. Ní 1985 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008, nínú 100 ènìyàn tí òkúta oxalate ń yọ lẹ́nu léraléra, nǹkan bí 17 ló ní kòkòrò náà. Láàárín àwọn tí òkúta kò ṣe rí, nǹkan bí 38 ni.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí: áńtíbáyọ́tíìkì lè lé kòkòrò yìí kúrò nínú ìfun, ó sì lè pẹ́ kí ó tó padà, bí yóò bá tilẹ̀ padà. Síbẹ̀, bí ọ̀fìnkìn bá ti mú ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́, kápúsù ni a ń sáré rà ní kẹ́míìsì. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Kápúsù náà kò lè wò ó. Àwọn olùwádìí ti gbìyànjú láti fi kòkòrò yìí ṣe oògùn fún àrùn àbímọ́ni kan tó ń mú oxalate pọ̀ lára, ṣùgbọ́n kò tíì yọrí sí rere. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó wà nínú wa.

Ẹ má torí èyí sá fún ẹ̀fọ́ o. Bí ìyá wa ti ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ dànù, ni oxalate tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń dín kù. Ẹ máa mu omi dáadáa. Bí dókítà bá sì kọ áńtíbáyọ́tíìkì fún yín, ẹ lò ó bí ó ti wí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ ní kẹ́míìsì.