OMI GỌ́TÀ DI OMI MÍMU NÍ MẸ́SÍKÒ!

Ẹ di imú yín mú kí ẹ tó kà á o! Ìgbẹ́, ìtọ̀ àti omi ọṣẹ tí àwọn ará Mexico City, olú-ìlú Mẹ́síkò, ń dà nù, kì í ṣòfò. Ọdún 1900 ni Ààrẹ Porfirio Díaz ṣí kòtò ńlá tó ń gbé e jáde nílùú. Ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Mezquital, lápá àríwá olú-ìlú náà, ti ń fi rin oko. "Omi dúdú" ni wọ́n ń pè é.

Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kódà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá wò ó lónìí: àgbàdo rẹpẹtẹ, koríko màlúù lọ súà!

Ibi tí àrà wà nìyí. Omi dúdú yìí ń rin wọlẹ̀ lọ́dọọdún, títí omi abẹ́ ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kànga kún. Ìsun omi ṣú yọ níbi tí kò sí omi rí. Ó sì mọ́ gaara, torí pé iyẹ̀pẹ̀ ti sẹ́ ẹ bí ìyá ológì ṣe ń sẹ́ ògì. Wọ́n ń fa á, wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí i, wọ́n ń mu ún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni asẹ́ ń mú. Iyẹ̀pẹ̀ lè dá ẹyin aràn dúró. Òjé inú omi ilé-iṣẹ́ pàápàá, inú iyẹ̀pẹ̀ ló ń kó jọ sí. Iyọ̀ àti náítíréètì ńkọ́? Wọ́n ń bá omi lọ sínú kànga ni. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ni náítíréètì ti ń wá. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Bó bá pọ̀ jù, tí ìyá wá fi po mílíìkì agolo fún ọmọ ìkókó, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, ara rẹ̀ á wá máa rí bí aró. Ẹ má sì wí pé ẹ ó sè é o! Bí omi bá ṣe ń fà lórí iná ni náítíréètì ń pọ̀ sí i nínú èyí tó kù.

Ìjọba kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sí Atotonilco láti máa fọ omi dúdú náà mọ́. Nǹkan bí ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ rò pé gbogbo àgbẹ̀ ló jó? Rárá o, àwọn kan fárígá! Wọ́n ní bí wọ́n bá fọ omi, ọ̀rá inú rẹ̀ á lọ, ta ni yóò wá máa fún àwọn lówó ajílẹ̀? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè, torí oúnjẹ ilé wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti rí i tipẹ́ pé àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ń fi omi dúdú rin oko ní aràn nínú ju àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ń retí òjò lọ.