Báwo ni ọmọ tí wọ́n bí n'Íbàdàn ṣe di eléré rọ́gbì England?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni mo gbé bọ́ọ̀lù rọ́gbì dé òkè Mápó. Àbúrò mi kan ló fi í ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọdé ń gbá mọ́ńkì póòsì níbẹ̀ bí ìṣe wọn, òkúta méjì níhìn-ín, sálúbàtà méjì lọ́hùn-ún, gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn wọn bí àgbà tó ń wòran. Mo ju bọ́ọ̀lù náà sí wọn. Ó balẹ̀, ó ta sósì, ó tún ta sọ́tùn-ún, kí ẹnikẹ́ni sì tó fọwọ́ kàn án, ó ti gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ síhà Ọjà'ba, ó lọ jókòó sábẹ́ àtẹ ìyá elélùbọ́ kan. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wá gbé ìbẹ́pẹ yín o!"

Ìyá ò jẹ̀bi. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ó tóbi láàárín, ó ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ ibi tó máa ta sí. Mo kó àwọn ọmọ náà jọ, mo ṣàlàyé fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà ìkẹyìn àwọn alátakò tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì 5. Tí wọ́n bá tún fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjèèjì kọjá, wọ́n gba 2 sí i. Ènìyàn 15 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n sì ń gbá a. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè dì mọ́ ọn kí ẹ gbé e ṣubú bí ìgbà tí ènìyàn ń ja gídígbò, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dì í lọ́rùn tàbí lórí. Òfin kan ṣoṣo ló wá le jù níbẹ̀: ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n ń jù ú sí.

Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 12 lọ wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn la ó máa jù ú sí, báwo la ṣe máa dé iwájú?"

Mo ní eré sísá ni yóò gbé wọn débẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó tún bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún àwọn tó ń gbá a?"

Ìbéèrè kejì yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé, nítorí pé èsì rẹ̀ kan ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1970, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ìlú wa yìí. Adédayọ̀ Adébáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó gbá rọ́gbì fún ẹgbẹ́ Bath, ó sì wọ aṣọ funfun England nígbà 6 láàárín 1996 sí 1998. Wíńgà ni, ìyẹn ẹni tó ń sá lẹ́bàá ìlà, tí àwọn yòókù á ti fi èjìká àti orúnkún du bọ́ọ̀lù kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, kó lè fi eré parí iṣẹ́. Mo ti bi àwọn àgbà ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àwọn àgbà tó lè ka gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars tó gba ife Áfíríkà wálé ní 1976 láìṣi ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí gan-an.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ni, pé eré sísá wà lára wa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó, àwọn ọmọ tó ń sáré gun òkè Mápó lójoojúmọ́ ì bá ti kún Twickenham, pápá rọ́gbì England. Pápá ilé-ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Kelly College ni Adébáyọ̀ lọ, ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ní ìlú Tavistock, agbègbè Devon, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn England. Ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, rọ́gbì kì í ṣe ohun tí ọmọ ń yọ́ lọ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ ilé. Ó wà nínú ètò ọ̀sẹ̀ bí ìṣirò ti wà níbẹ̀: olùkọ́ ń bẹ, pápá ń bẹ, ọjọ́ ìdíje sì ń bẹ.

Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu. Victor Ubogu, Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1964. Steve Ojomoh, ìlú Benin ni wọ́n ti bí i ní 1970. Àwọn méjèèjì lọ sí West Buckland, ilé-ìwé mìíràn ní Devon kan náà. Àwọn méjèèjì gbá fún Bath, wọ́n jọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú Adébáyọ̀. Ubogu gbá fún England nígbà 24, Ojomoh nígbà 12. Ọmọ mẹ́ta láti ìlú mẹ́ta ní Nàìjíríà gba agbègbè kan kọjá bọ́ sínú ẹgbẹ́ kan. Kòńgẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkàbà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì ń wọlé, náírà lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà lọ, òbí tó bá rọ́wọ́ mú sì lè rán ọmọ lọ sí Ìlú Ọba láti kékeré. Bath wà nítòsí Devon, ó sì ń ṣa àwọn ọmọ tó dára ní gbogbo ìhà yẹn. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nígbà náà rárá: láàárín 1984 sí 1996, ó gba ife ẹ̀yẹ England nígbà 10, ó sì gba líìgì nígbà 6.

Ṣùgbọ́n kò sówó. Ohun tí ọmọ yẹn bi mí gan-an nìyí, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́.

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ rọ́gbì láti àríwá England pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ George, ní ìlú Huddersfield. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló pọ̀ jù lára àwọn eléré wọn. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á yọ owó ọjọ́ yẹn nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ dá owó tó sọnù yìí padà fún un. Àwọn aláṣẹ, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ olówó, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gba kọ́bọ̀ ti ba eré náà jẹ́. Bí rọ́gbì ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn ará àríwá dá tiwọn sílẹ̀, èyí tó di ẹlẹ́ni 13 nígbà tó yá, wọ́n sì ń sanwó. Àwọn ẹlẹ́ni 15 fi ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko sọ pé àwọn kò ní san, ẹni tó bá sì lọ gbá tọ̀hún, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé.

Nítorí náà, àwọn tí Adébáyọ̀ bá lórí pápá níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun. Nínú àwọn ọmọ England ìgbà yẹn, ọlọ́pàá ni Dean Richards, lọ́yà ni Brian Moore, Rory Underwood sì ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun. Wọ́n á ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá lọ ṣe ìdánrawò nínú òtútù alẹ́.

Irú ayé yẹn ni Adébáyọ̀ wà nígbà tó di ọmọ ọdún 22. Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún rọ́gbì ẹlẹ́ni méje ní Murrayfield, ìlú Edinburgh. Nínú ẹlẹ́ni méje, pápá kan náà ni wọ́n ń lò, ènìyàn ló dín, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ ló nilẹ̀. England borí Ọsirélíà ní àṣekágbá, àmì 21 sí 17. Adébáyọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Olórí wọn, Andrew Harriman, Èkó ni wọ́n ti bí òun náà, òun ló sì tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìdíje ọ̀hún, nígbà 12. Ọmọ méjì tí wọ́n bí sí Nàìjíríà gba ife àgbáyé fún England, a kò sì gbọ́ ọ tó níhìn-ín.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni odi tó dínà mọ́ owó wó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1995, bí ife àgbáyé ti ń parí lọ ní South Africa, orílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú New Zealand àti Ọsirélíà kéde àdéhùn tẹlifíṣọ̀n tó lé ní 500 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 10. Ta ló tún kù tó lè sọ pé kí ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ wọlé máa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́? Ní òpin oṣù kẹjọ, àwọn aláṣẹ pàdé ní Paris, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún owó. Ọmọ ọdún 24 ni Adébáyọ̀ nígbà náà. Ìdajì ìgbà èwe eléré ti lọ kí eré ṣíṣe tó di iṣẹ́ oṣù.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan yára. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, Bath àti Wigan, ọ̀gá ẹlẹ́ni 13, pàdé, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tí eré méjèèjì ti pínyà: Wigan na Bath 82 sí 6 nínú eré tiwọn, Bath náà na Wigan 44 sí 19 nínú tirẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Adébáyọ̀ pé ọdún 26, ó kọ́kọ́ gbá fún England ní Twickenham, wọ́n sì borí Ítálì 54 sí 21. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, Bath borí Brive ní Bordeaux, 19 sí 18, ó di ẹgbẹ́ England àkọ́kọ́ tó gba ife Yúróòpù. Adébáyọ̀ wà lórí pápá.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí owó yí padà, ẹ fi Adébáyọ̀ wé Maro Itoje. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Itoje sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, ọdún 1994, ó ku díẹ̀ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Òun náà gba ilé-ìwé kọjá, St George's ní Harpenden àti Harrow. Ṣùgbọ́n ní tirẹ̀, àkádẹ́mì ẹgbẹ́ Saracens ti ń dúró dè é: olùkọ́ agbára, onímọ̀ nípa oúnjẹ, dókítà, àti àdéhùn owó. Ní 2014 ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ England tí kò tíì ju ogún ọdún lọ, wọ́n gba ife àgbáyé. Ní 2016, ní ọmọ ọdún 21, wọ́n pè é ní eléré tó dára jù ní Yúróòpù. Ní 2025 ó darí ẹgbẹ́ Lions, àkójọ àwọn ọmọ England, Scotland, Wales àti Ireland, lọ sí Ọsirélíà, wọ́n sì borí 2 sí 1. Ó tún rí àyè kẹ́kọ̀ọ́ ìṣèlú gboyè ní yunifásítì láàárín rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gun àkàbà yìí ló ń dé òkè. Topsy Ojo, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, kọ́kọ́ gbá fún England ní oṣù kẹfà ọdún 2008 ní Auckland, ó sì tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ nígbà méjì níwájú New Zealand. Ta ni kò ní rò pé ọmọ yìí ti dé? Ìgbà méjì péré ló wọ aṣọ England láyé rẹ̀.

Òbí tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí yóò fẹ́ mọ̀ nípa ewu tó wà fún orí ọmọ. Bí eléré ṣe di òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ara rẹ̀ wúwo sí i, ìkọlù sì le sí i. Steve Thompson wà nínú England tó gba ife àgbáyé ní 2003; ní 2020 ó sọ fáyé pé àìsàn ìgbàgbé ti mú òun, òun kò sì rántí pé àwọn gba ife náà. Lónìí, tí nǹkan bá gbá eléré ńlá lórí, wọ́n á mú un kúrò fún ìṣẹ́jú 12 kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ Mápó náà, mo sì ní kí wọ́n máa fọwọ́ kan ara wọn lásán, kí wọ́n má gbé ara wọn ṣubú lórí òkúta.

Mo fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo padà ní Sátidé kejì, ọmọ ọjọ́sí ti ń kọ́ àwọn kékeré. "Wo ẹ̀yìn kóo tó jù ú!" ló ń pariwo. Ó rí mi, ó sá wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá. Ó ní òun fẹ́ mọ ilé-ìwé tó ń gbá a n'Íbàdàn, kí òun lè sọ fún ìyá òun. Nínú gbogbo ilé-ìwé tí mo mọ̀ láti Bẹyẹrunka dé Mápó, n ò rí ọ̀kan pè fún un. Ó dúró díẹ̀, ó tún di bọ́ọ̀lù náà mú dáadáa, ó sì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.