Ìperí fún Ojú Rọ́bọ́ọ̀tì: Ìṣòro Ọ̀rọ̀ ‘Iná’ àti ‘Pupa’

Ìfáárà

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé èdè Yorùbá gba ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ṣe iṣẹ́ ribiribi fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ wáyà àti bátìrì ṣì ní láti wá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kan tó láti fi ìṣòro náà hàn: bí a ṣe ń so iná ẹlẹ́ẹ̀dì mọ́ rẹsítọ̀ láti fi ṣe ojú rọ́bọ́ọ̀tì ìṣeré.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Kí a fi ọmọ iléèwé kan ní Bẹ́yẹrúnkà ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi páálí ṣe ara rọ́bọ́ọ̀tì, ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ́ fi ẹlẹ́ẹ̀dì pupa méjì ṣe ojú rẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ni ó ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 1.5, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ fólítì 6. Bí ó bá so ẹlẹ́ẹ̀dì mọ́ bátìrì wọ̀nyí tààrà, yóò mọ́ yòò lẹ́ẹ̀kan, yóò sì jó. Olùkọ́ yóò wá ṣàlàyé pé: ‘Iná ti pọ̀ jù fún iná yẹn, ìdí nìyẹn tí iná náà fi jó.’

Gbólóhùn yìí kò ní àbùkù kankan ní ti gírámà. Síbẹ̀ kò kọ́ ọmọ náà ní ohunkóhun. ‘Iná’ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Èwo ni ó pọ̀ jù? Èwo ni ó jó?

Ọ̀rọ̀ ‘iná’

Kì í ṣe àná ni ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ dé àárín Ìbàdàn. Nígbà tí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, orí òkè Mápó ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ń tan àwòrán rẹ̀ káàkiri wà. Àwọn atún-rédíò-ṣe pàápàá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ya iná sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ní ‘iná kéré’, agbára tí ó ń ti iná bọ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní ‘iná kò wọlé’, ohun tí ó ń ṣàn nínú wáyà ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá sì ní ‘iná rẹ̀ mọ́lẹ̀’, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń ṣe ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀-orúkọ kò ṣe. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè-ìperí ni láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Àfiwé omi ni ó rọrùn jù. Bí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ bá ṣe ga tó ni yóò ṣe máa ti ara rẹ̀ tó. Iye rẹ̀ tí ó ń kọjá lójú kan sì jẹ́ ohun ọ̀tọ̀. Ìbàdàn kò gbàgbé ohun tí ìṣàn tí kò ní ìwọ̀n ṣe nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya ní 1980. Nítorí náà ‘ipá-ìtì’ ni ó yẹ ohun tí a ń fi fólítì wọ̀n, ‘ìṣàn’ ni ó yẹ ohun tí a ń fi áńpíà wọ̀n, kí ‘ìmọ́lẹ̀’ sì dúró fún ohun tí ojú ń rí. Kò yẹ kí a pe ipá-ìtì ní ‘agbára’. Ẹ̀kọ́ físíìsì ní iṣẹ́ mìíràn fún agbára, àti pé nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, kò sí ohun tí ó ya ‘agbára’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘àgbàrá’ òjò.

Rẹsítọ̀: adènà ni tàbí adínṣàn?

Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn fún rẹsítọ̀ ni ‘adènà’. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dènà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Rẹsítọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ọ̀nà tóóró ní ọjọ́ ọjà ní Ọjà'ba: èrò ń kọjá, ṣùgbọ́n níwọ̀nba. ‘Adínṣàn’ ni ó sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, òfin tí Georg Ohm gbé jáde ní 1827 di ohun tí ọmọdé lè lò. Ẹlẹ́ẹ̀dì pupa ń gba nǹkan bí fólítì 2 lára 6. Ó ku 4. Ìṣàn tí ó yẹ ẹ́ jẹ́ áńpíà 0.02. Bí a bá fi 0.02 pín 4, óòmù 200 ni adínṣàn. Èyí tí ó súnmọ́ ọn lára àwọn tí a máa ń rí rà ni 220. Ẹlẹ́ẹ̀dì funfun yàtọ̀. Pupa ti wà láti 1962 tí Nick Holonyak ti ṣe é. Ara aláwọ̀ aró, tí àwọn ará Japan mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2014, ni a ti ń ṣe funfun, ó sì ń gba nǹkan bí fólítì 3.2. Tirẹ̀ yóò jẹ́ óòmù 150. Ojú kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní adínṣàn tirẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́ẹ̀dì méjì kì í pín ìṣàn dọ́gba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó gùn ni ó ń kọjú sí orí bátìrì, kúkúrú sí ìdí rẹ̀. Bí a bá yí i padà, kò ní tàn.

Ọ̀rọ̀ ‘pupa’

Ìṣòro kejì wà lára adínṣàn náà. Ìlà aláwọ̀ ni a fi ń kọ ìwọ̀n sí i lára: ìlà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà, ẹ̀kẹta ń sọ iye òdo tí ó tẹ̀lé e. Ìlà ti 220 jẹ́ pupa, pupa, àti àwọ̀ kan tí ó dà bí páànù tí ó ti dípẹtà. Ní èdè Yorùbá, pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni epo, pupa ni ilẹ̀, pupa sì ni ènìyàn aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ tí a sọ fún pé ‘pupa, pupa, pupa’ lè mú 2,200 wá, ìṣàn kò ní tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí a fẹ́, ojú rọ́bọ́ọ̀tì yóò sì ṣe bàìbàì. Ó sì lè mú 110 wá, tí ìṣàn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, tí ojú náà yóò sì tètè bàjẹ́.

‘Àwọ̀ ilẹ̀’ kò yanjú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ dúdú wà, ilẹ̀ pupa sì wà. ‘Àwọ̀ ìpẹtà’ dára jù. Ẹni tí ó bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní 1929, tí ó sì wo orí ilé ìsàlẹ̀ títí dé ọ̀nà Bẹẹrẹ, kò nílò àlàyé mìíràn.

Àbá

Àwọn ìperí tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè dán wò nìyí:

Ipá-ìtì: ohun tí ó ń ti iná kọjá nínú wáyà, fólítì ni ìwọ̀n rẹ̀.
Ìṣàn: iye iná tí ó ń kọjá lójú kan, áńpíà ni ìwọ̀n rẹ̀.
Adínṣàn: rẹsítọ̀, óòmù ni ìwọ̀n rẹ̀.
Atànmọ́lẹ̀ ọlọ́nà-kan: ẹlẹ́ẹ̀dì, tí kì í jẹ́ kí ìṣàn padà sẹ́yìn.
Orí àti ìdí: ibi tí ìṣàn ti ń jáde lára bátìrì àti ibi tí ó ń padà sí.
Àwọ̀ nọ́ńbà: dúdú 0, ìpẹtà 1, pupa 2, ọsàn 3, ìyeyè 4, ewé 5, aró 6, elésè-àlùkò 7, eérú 8, funfun 9.

Kò sí ìdí láti lé ‘rẹsítọ̀’ àti ‘ẹlẹ́ẹ̀dì’ kúrò lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Orúkọ ọjà ni wọ́n, ọmọ tí ó bá fẹ́ rà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé ara rẹ̀ ni ó yẹ. Bí olùkọ́ bá lè sọ pé, ‘Ìṣàn ti pọ̀ jù, wá adínṣàn sí i kí ìmọ́lẹ̀ náà má baà jó,’ ọmọ náà ti mọ ohun tí yóò ṣe.