Ìsinmi dé: ẹ mú àwọn ọmọ wá sí Kétu

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti dé, etí òkun Kútọnu àti Wídà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń sáré lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ta ló rántí Kétu?

Láti Àjàṣẹ́, ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìpóbẹ́ ló já síbẹ̀. Ará Nàìjíríà lè gba Ìlárá wọlé. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fún wọn láyè ọjọ́ 90 láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà wọn bá ṣáà ti pé.

Ẹ kọ́kọ́ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi ìlú àtijọ́. Lọ́dún 1886, nígbà ọba Glele, ọmọ ogun Dàhòmì pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú wọn kọ́.

Bí ẹ bá ti mọ̀nà báyìí, ẹ tún padà wá lẹ́yìn ìkórè, nígbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Lóru Ẹ̀fẹ̀, orin ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, òun náà ni wọ́n fi ń bá ìlú wí.

Àlejò tó bá wá yóò jẹun, yóò sùn, yóò ra nǹkan. Ọjà wa ni owó náà yóò wọ̀. Èyí tó ju owó lọ ni pé ọmọ tí kò gbọ́ orin náà rí kò lè kọ ọ́ lọ́la. Òkun kò ní gbẹ kí ẹ tó dé ibẹ̀.