Ìmọ̀ ìlera ti pọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára: ta ni ó yẹ kí a gbà gbọ́?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn kálẹ̀ lóru lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká, pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu lára rẹ̀, kí àrùn náà má baà ràn án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán, ènìyàn 2 ti pàdánù ẹ̀mí wọn ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀.

Omi iyọ̀ kò lè dènà Ebola. Ohun tí ó ń mú àrùn náà ràn ni kí ènìyàn fi ara kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí omi ara mìíràn láti ara ẹni tí ó ń ṣàìsàn náà, tàbí láti ara òkú rẹ̀. Ní ti iyọ̀, bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ńṣe ni yóò máa fa omi jáde kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, títí kan ti ọpọlọ. Ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí àrùn kíndìnrín.

Gbogbo àlàyé yìí ni ó wà lórí ẹ̀rọ ayélujára ní òru ọjọ́ náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́, síbẹ̀ àìmọ̀ ṣì ń pa ènìyàn.

Nígbà tí ìmọ̀ ṣọ̀wọ́n

Kí ẹ̀rọ ayélujára tó gbilẹ̀, inú ìwé àti àtẹ̀jáde ìmọ̀ ìṣègùn ni ìwádìí tuntun máa ń wà. Owó gọbọi ni a fi ń rà wọ́n láti òkè òkun, ilé ìkàwé àwọn yunifásítì ńlá ni a sì ti ń rí wọn. Dókítà tí ó wà ní ìlú kékeré lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfojú kan èyí tuntun nínú wọn.

Ní ọdún 1997, Ilé Ìkàwé Ìmọ̀ Ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣí PubMed sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè wá àkójọ ìwádìí ìṣègùn níbẹ̀. Ní ọdún 2002, WHO àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé dá ètò HINARI sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ máa ka àtẹ̀jáde olówó iyebíye lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn yunifásítì Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀.

Èso ìyípadà náà hàn gbangba ní ọdún 2020. Ní oṣù Kìn-ín-ní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn COVID-19 láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà sórí ẹ̀rọ ayélujára fún gbogbo ayé. Nígbà tí àrùn náà dé Nàìjíríà ní oṣù Kejì, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, ní ìlú Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fi ṣe àkọsílẹ̀ ti kòkòrò tí a rí níhìn-ín, tí wọ́n sì gbé e jáde. Òun ni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Kí ló dé tí irọ́ fi ń yára?

Ìwádìí ìjìnlẹ̀ máa ń kọjá lọ́wọ́ àwọn akẹgbẹ́ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní irú oníbodè bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ ìjọ ẹni ni ó máa ń gbà dé, a sì ń gbà á gbọ́ nítorí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́.

Irọ́ tí ó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ni ó tilẹ̀ léwu jù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìròyìn tàn pé oògùn chloroquine ń wo COVID-19. Àwọn ènìyàn mọ oògùn náà dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń wo ibà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan lò ó ní àlòjù, wọ́n sì bá ara wọn ní ilé-ìwòsàn l'Ékòó, nítorí àlòjù chloroquine lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìwádìí ńlá kan ní Bìrìtìkó fi hàn pé hydroxychloroquine, tí ó jẹ́ ẹbí oògùn náà, kò ṣe aláìsàn COVID-19 tí ó wà ní ilé-ìwòsàn láǹfààní.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwádìí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fi ohùn ara rẹ̀ gba àhesọ sórí fóònù ní èdè Yorùbá, kí ó sì dé abúlé láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ irọ́ náà ní ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó gbọ́ òótọ́, bí kò bá sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Bí ìmọ̀ràn ìlera bá dé orí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí:

- Ta ni ó sọ ọ́, ǹjẹ́ orúkọ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ hàn? "Dókítà kan" kì í ṣe orúkọ.
- Ọjọ́ wo ni a kọ ọ́? Ìmọ̀ ìṣègùn máa ń yí padà.
- Ǹjẹ́ WHO, àjọ NCDC tí ó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, tàbí iléeṣẹ́ ètò ìlera sọ ohun kan náà?
- Ǹjẹ́ ó ní kí ẹ dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ rí dókítà náà.
- Ǹjẹ́ ó ń kán yín lójú pé kí ẹ tètè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn? Ẹ dúró ná.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí sá fún ẹ̀rọ ayélujára. Ẹ ka ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, apòògùn tàbí dókítà. Ó sì yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà fi sùúrù dáhùn, nítorí aláìsàn tí a bá jágbe mọ́ yóò padà sí ìdí fóònù rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.