Ẹni tó fẹ́ rí erin láti Rẹ́mọ

Lójú títì márosẹ̀ tó gba Ṣàgámù lọ sí Benin, ẹran ìgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni èyí tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà: ọ̀yà tí wọ́n yan, etu tí wọ́n là sí méjì. Bí ọmọ bá béèrè bí erin ṣe rí, inú ìwé la máa ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yẹn kan náà, téèyàn bá kọjá Ìjẹ̀bú-Òde tó forí lé Òrè, ló lọ síbi tí erin ṣì ń gbé, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín. Igbó Omo ni wọ́n ń pè é.

Rẹ́mọ náà ti ní igbó kìjikìji rí. Obì gbànja ló gbà á lọ́wọ́ ẹranko. Nígbà ayé àwọn bàbá wa àgbà, obì Rẹ́mọ ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya, ó kọ́lé, ó rán ọmọ lọ sílé ìwé, oko obì sì rọ́pò igbó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń wá igbó ńlá lónìí, àfi kó jáde nílé.

Ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó sọ Omo di igbó ìjọba. Ó tó 1,300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nítorí igi gẹdú ni wọ́n ṣe pààlà sí i, kì í ṣe nítorí ẹranko, ohun tó sì ń dà á láàmú títí dòní nìyẹn. Ní 1946 ni wọ́n tó ya apá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, hẹ́kítà 460, pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀, kí àwọn onímọ̀ lè máa wo bí igbó ṣe ń ṣe téèyàn ò bá fọwọ́ kàn án. Ní 1977, UNESCO ka Omo mọ́ àwọn ibi àdáyébá tí gbogbo ayé ń kíyè sí. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé agbègbè J4 nínú igbó náà, igi mẹ̀láínà tí wọ́n gbìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ àti oko kòkó lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ má rò pé ẹ ti ṣìnà.

Ọ̀pọ̀ tó ń gbèrò irú ìrìn àjò yìí máa ń ti orí ọkọ̀ àti owó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tó ni igbó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni Omo, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó igbó fún un ni ìwé ìyọ̀ǹda ti ń wá. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọgbà ẹranko Old Oyo, ibòmíì téèyàn lè lọ wo ẹranko ìgbẹ́, yàtọ̀: ìjọba àpapọ̀ ló ni ín láti 1991, ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, Ìsokùn nílùú Ọ̀yọ́ sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, odò Ògùn tó fún ìpínlẹ̀ wa lórúkọ sì gba inú rẹ̀ kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta. Pápá ni tibẹ̀ yẹn. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí koríko bá ti jó tán, ẹranko máa ń wá omi lọ sétí odò, ojú sì máa ń tó wọn. Igbó dúdú ni Omo.

Nínú igbó dúdú, aṣọ́gbó ni ojú yín. Àwọn kan nínú wọn ti ṣọdẹ rí kí wọ́n tó fi ìbọn sílẹ̀, ìmọ̀ tí wọ́n fi ń lépa ẹran nígbà yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ báyìí. Ojú ẹsẹ̀ tí ẹ ò ní rí ni wọ́n ń rí. Wọ́n á fọwọ́ kan ìgbẹ́ erin, wọ́n á mọ̀ bóyá ti àná ni. Wọ́n á na ìka sí èèpo igi tí èjìká erin ti họ. Iṣẹ́ wọn ò mọ sí kí wọ́n máa mú àlejò kiri. Àwọn ló ń dojú kọ ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìgégi wọlé lóru, ẹni tó dẹ tàkúté, àti àgbẹ̀ tó ń fi oko jẹ igbó díẹ̀díẹ̀. Wọn ò pọ̀ tó igbó tí wọ́n ń ṣọ́. Ó ń dùn mí pé a mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè ju tiwọn lọ.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ló dáa jù láti lọ, torí ẹrẹ̀ inú Omo ń gbé ọkọ̀ mì lásìkò òjò. Ọkọ̀ tó ga nílẹ̀, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ibà, omi mímu. Ẹ má wọ aṣọ pupa tàbí funfun. Ẹ sọ fún ará ilé ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà, torí fóònù lè má ṣiṣẹ́. Ẹ wádìí ètò ààbò lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́gbó fúnra wọn ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an.

Erin inú igbó kéré sí ti pápá, eyín rẹ̀ gún, ó sì dojú kọlẹ̀. Ní 2021, àjọ IUCN, tó ń rí sí ìtọ́jú ẹ̀dá lágbàáyé, kà á mọ́ àwọn ẹranko tó kù díẹ̀ kó parun pátápátá. Ó ń sá fún èèyàn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sá. Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan lè má rí i rárá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, tẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé aṣọ́gbó jáde kí oòrùn tó ràn, ó lè dúró lójijì, kó gbé ọwọ́ sókè pé kẹ́ ẹ dákẹ́, kó sì fi ojú ẹsẹ̀ ràgàjì kan hàn yín, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú rẹ̀.